Wọ́n Gbé Ojú Apànìyàn Sára Pósítà Wa

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ fíìmù dára láti fi ṣe iṣẹ́ ayé ẹni, ẹ jókòó. N ò ní tàn yín. Inú ń bí mi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi. Ẹni tó bá ń wá ìtàn arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kó lọ ka ti ẹlòmíràn.

Adérónkẹ́ lorúkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ẹ́dítọ̀ ni mí. Èmi ni wọ́n máa ń kó gbogbo ohun tí kámẹ́rà bá rí wá fún, tí màá gé, tí màá tò, tí màá so pọ̀ títí yóò fi di ìtàn tí èèyàn lè jókòó wò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wá. Bí fíìmù bá dùn, òṣèré ló ṣe é. Bó bá burú, ẹ́dítọ̀ ló bà á jẹ́.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gba àlàyé. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, ọ̀nà ò là mọ́, ìyá mi bá mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àjàní ní Òwódé, Ọ̀yọ́. Ní ti owó, kò tó nǹkan nígbà tí mo gba òmìnira, kò sì tó nǹkan nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Àjàní ń ya fọ́tò, ó sì ń ya fídíò, àmọ́ ohun tó sọ ọ́ di ẹni àpọ́nlé ni pé àwọn ẹgbẹ́ onítíátà máa ń gbé fíìmù wọn wá kó bá wọn gé e. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í pariwo, kì í na ọmọ iṣẹ́. Ì bá sàn kó máa nà wá. Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ ká fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Yóò ní ká jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, yóò pa ohùn rẹ̀, àá máa wo àwọn èèyàn tí ẹnu wọn ń lọ láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Lójijì, yóò dá a dúró.

“Rónkẹ́, ibo lojú rẹ wà?”

“Ọ̀gá, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn ni mò ń wò.”

“Kí ló dé?”

“Ó dà bíi pé ó mọ nǹkan kan tí kò fẹ́ sọ.”

“Kí ni nǹkan ọ̀hún?”

“N ò mọ̀, sà.”

“Ó dáa. Bó o bá ti mọ̀ ọ́n, wàá dìde, wàá bá tìẹ lọ. Àìmọ̀ yẹn ló mú ọ jókòó. Iṣẹ́ tí o wá kọ́ nìyẹn. Kì í ṣe gígé. Ohun tí o máa fi pamọ́, àti ìgbà tí o máa ṣí i, nìyẹn ni iṣẹ́.”

Ẹ̀rọ fídíò méjì ni a fi ń gé fíìmù nígbà náà, ọ̀kan ń gbé àwòrán jáde, èkejì ń gbà á sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì lo máa fi tẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí ìka rẹ bá pẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá, àwòrán tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ á yọjú fìrí, gbogbo rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ọ̀gá á wò ó, á ní, “Tún un ṣe.” Kò ní sọ ohun tó burú níbẹ̀. O máa tún un ṣe títí omijé á fi bọ́ sórí ẹ̀rọ, wàá yára nù ún kó má baà rí i.

Èmi àti Láyíwọlá, ọmọ Ìrẹsà, la jọ kọ́ṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni, orí rẹ̀ sì pé, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún ìyá oníbúrẹ́dì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ó sọ ẹni tó jí ọmọ gbé nínú fíìmù tí a ń gé lọ́wọ́. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Òwódé ti mọ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀gá lé e lọ sílé. Bàbá rẹ̀ gbéra láti Ìrẹsà, ó ru iṣu wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí òun lè bí lọ́mọ.

“Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́,” ni Ọ̀gá wí. “Ẹ máa gbé iṣu yín lọ. Ọmọ yín ti wọ inú ìkòkò onílé, ó ti kó ẹran tán kí onílé tó bu oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kó jókòó sílé ná kó ro ohun tó ṣe.”

Nígbà tí Láyíwọlá padà wá, ó ti di èèyàn mìíràn. Láti ọjọ́ náà, n ò rí ẹni tó mọ ìtàn í fi pamọ́ bíi tirẹ̀. Òun ló wá di olùdarí eré, èmi sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Irinṣẹ́ yí padà lójú wa. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, síìdì dé, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí a fi ẹ̀kún kọ́ di ohun tí adìyẹ ń sùn lé lórí. Kọ̀ǹpútà dé. Mo lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọmọ tí mo lè bí, mo ń pè é ní ọ̀gá, kò sì tì mí lójú. Ohun tó ń bí mi nínú nípa kọ̀ǹpútà ni pé ó jẹ́ kí gígé rọrùn jù. Ẹni tí kò kọ́ bí a ṣe ń jókòó wo ojú èèyàn á máa gé fíìmù wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé ilá. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo bá wá.

Ọ̀rọ̀ “Ta Ló Ṣílẹ̀kùn?” ni mo bá wá.

Láyíwọlá ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀. Ó jẹ́ irú fíìmù tó ń mú àyà èèyàn já, tí o ò ní mọ ọ̀daràn ibẹ̀ títí dìgbà tó bá kù díẹ̀ kó parí. Àwọn ọmọ ìyá kan padà sílé ní abúlé láti wá sìnkú bàbá wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó sùn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá ọ̀kan nínú wọn ní òkú, ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí, kò sì sí ibi tí wọ́n ti já a. Ta ló ṣí i látinú wá? Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fura síra wọn. Àbúrò bàbá wọn ló ń pẹ̀tù sí wọn nínú, tó ń dá àpárá, tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà para wọn. Òun ló pa á.

Bàbá Jẹ́nrẹ́rìn-ín ni a fún ní ipa yẹn. Aláwàdà ni, òun nìkan ni ìlú mọ̀ nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀. Ọgbọ́n tí Láyíwọlá dá nìyẹn: kò sẹ́ni tó máa fura sí Bàbá Jẹ́nrẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò tilẹ̀ dúnàá-dúrà. Ó ní, “Gbogbo ayé mi ni mo fi ń ṣubú sínú gọ́tà kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n dẹ́rù bà wọ́n lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú.”

Ìkòyí-Ilé la ti ya á, nínú ilé mọ̀lẹ́bí Láyíwọlá kan. Kámẹ́rà àyálò ni, ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ la fi ṣe iná, ẹ̀wà àti gààrí la ń jẹ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú mi, mo jókòó tì í bí ẹni jókòó ti aláìsàn. Ibì kan wà ní àárín fíìmù náà tí Bàbá Jẹ́nrẹ́rìn-ín ti ń dá àpárá, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ sì ń nu ìdè ilẹ̀kùn, irin tí wọ́n fi ń tì í látinú, ó ń nù ún. Mo fi ìyẹn síbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀ báyìí, kó má pẹ́ jù, kó má yá jù. Ẹni tó bá rí i á rò pé òun ò rí nǹkan kan. Nígbà tí fíìmù bá parí ni yóò rántí. N ò ṣe iṣẹ́ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé mi.

Ó wá ku ẹni tí a máa gbé e fún.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, nítorí ibí ni iṣẹ́ yìí ti ń pa àwọn èèyàn rẹ̀. Fíìmù tí kò dé ojú aráàlú, òkú ni. Ẹni tó ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn là ń pè ní máàkẹ́tà. A ní ọ̀nà mẹ́ta. A lè máa gbé e kiri fúnra wa, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. A lè gbé e fún Ìyá Ibùkún ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. A lè gbé e fún Ọ̀túnba, máàkẹ́tà ńlá tó ní ọ́fíìsì sí Ìbàdàn, tí síìdì rẹ̀ ń dé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Ìyá Ibùkún jẹ́ obìnrin ìjọ Aládùúrà kan tó ní ìsọ̀ síìdì ní Tákíè. A gbé fíìmù náà lọ fún un, ó fi sínú ẹ̀rọ, ó jókòó. Oníbàárà dé, ó na ọwọ́ sí i láìwo ojú rẹ̀: “Ẹ ní sùúrù, mò ń wo nǹkan.” Oníbàárà mìíràn dé, kò tilẹ̀ dá a lóhùn. Nígbà tí ó dé òpin, ó fò dìde, aṣọ àdúrà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Háà! Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ burú o! Bàbá tó ń pa mí lẹ́rìn-ín láti àárọ̀!” Ó di orí mú. “Ọwọ́ rẹ̀! Ó ń nu ìdè ilẹ̀kùn! Mo rí i, mo rò pé ó kàn ń ṣeré ni!” Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní, “N ò lè gbé e dé Èkó, n ò ní parọ́ fún yín. Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìṣẹ́yìn, ibẹ̀ ni agbára mi mọ. Àmọ́ n ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n ra tiwọn wò.”

A lọ bá Ọ̀túnba náà. Ó fi fíìmù sínú ẹ̀rọ, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń fi rìmóòtù sáré rẹ̀ lọ síwájú. Ìbéèrè kan péré ló bi wá.

“Ta ni ìràwọ̀ ibẹ̀?”

“Bàbá Jẹ́nrẹ́rìn-ín, sà.”

“Ó tán. Ẹ ti tà.”

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, mo ní, “Láyíwọlá, ọkùnrin yẹn ò wò ó.”

“Kò dìgbà tó bá wò ó, kó sáà ti tà á.”

“Báwo lèèyàn ṣe ń ta ohun tí kò mọ̀?”

“Rónkẹ́, Bàbá Jẹ́nrẹ́rìn-ín ti ń darúgbó. Ṣé Tákíè nìkan ni kí wọ́n ti rí i ni? Àwọn ọmọ tó jẹ gààrí láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí wa ńkọ́? Mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí wọn.”

Ìfẹ́ ló fi yan Ọ̀túnba, kì í ṣe ojúkòkòrò. Ó tọwọ́ bọ̀wé. Ó wà níbẹ̀ pé Ọ̀túnba láṣẹ láti ṣe ohunkóhun tó bá yẹ kí ọjà lè yá. A kà á. A rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, ọjà Tákíè ni mo ti kọ́kọ́ rí pósítà rẹ̀ lára ògiri. Mo kọjá lára rẹ̀. Mo padà. Ojú Bàbá Jẹ́nrẹ́rìn-ín ló gba gbogbo pósítà, ó la ẹnu ẹ̀rín, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára ọ̀bẹ. Orúkọ tí a sọ ọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà ni “Aláwàdà Apànìyàn.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ tún un kà. Fíìmù tí gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ jẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹni tó pààyàn! Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni ọkùnrin yìí wò?

Mo ra ọ̀kan, mo lọ wò ó. Wọ́n ti gé e sí méjì, apá kìíní àti apá kejì, kí wọ́n lè tà á lẹ́ẹ̀méjì. Ibi tí wọ́n ti gé e, àárín ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n fi orin àti ìpolówó fíìmù mìíràn dí àlàfo. Ọwọ́ tó ń nu ìdè ilẹ̀kùn? Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ẹnìkan jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó rí i, ó ní kò wúlò, ó gé e sọnù. Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú.

Èmi àti Láyíwọlá gba Ìbàdàn lọ.

“Ẹ káàsán, Ọ̀túnba.”

“Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́! Ẹ jókòó. Ṣé ẹ máa mu nǹkan?”

“A ò mu nǹkan, sà,” ni mo wí. “Ọ̀túnba, ẹ ti gbé apànìyàn sára pósítà.”

Ó wò mí. “Ṣé òun kọ́ ló pa á ni?”

“Òun ni.”

“Ṣé irọ́ ni mo wá pa?”

“Ọ̀túnba, kò yẹ kí ẹni tó fẹ́ wò ó mọ̀ kó tó wò ó! Ohun tí fíìmù náà wà fún nìyẹn!”

“Madam, ẹ rọra. Ojú ẹ̀ ló ń tà. Ta ló mọ àwọn ìyókù? Ṣé kí n gbé ilẹ̀kùn sára pósítà ni?” Ó rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ ọ́fíìsì rẹ̀ náà bá a rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ẹ mọ fíìmù, èmi mo mọ ọjà.”

Láyíwọlá ń wo ilẹ̀. Mo fẹ́ kó fọhùn, mo fẹ́ kó lu tábìlì. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ẹni tí wọ́n sì ń kín ò pariwo. Èmi nìkan ni mo pariwo títí wọ́n fi ní ká jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò pẹ́. Àwọn tó ń wá àwàdà rà á, wọn ò rí àwàdà, wọ́n bú wa. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn adẹ́rùbani wo pósítà, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n, wọn ò rà á. Àwọn ọmọdé ń pe Bàbá Jẹ́nrẹ́rìn-ín ní “apànìyàn” lójú títì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. “Rónkẹ́,” ni ó wí, “wọ́n tún rẹ́rìn-ín.” Àìsàn mú un ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì kú. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rù rẹ̀ rí.

Láyíwọlá kò ṣe fíìmù mọ́. Ó padà sí Ìrẹsà, ó ń gbin ẹ̀gẹ́. Mo ránṣẹ́ sí i léraléra, ó ní òun ti ṣe tòun. Èmi ń gé fíìmù àwọn ẹlòmíràn lọ títí ojú mi fi ń ṣú, tí mo wá fẹ̀yìn tì.

Ní báyìí, ẹ ò gbé síìdì kiri mọ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹ sì ń rò pé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀túnba. Irọ́ ni. Ọmọbìnrin kan gbé fíìmù rẹ̀ wá fún mi láìpẹ́ yìí, ó dáa gan-an, ó ń mú àyà já. Ó ní ẹni tó ni ṣánẹ́ẹ̀lì tó máa gbé e jáde ti ṣe àwòrán tí èèyàn máa kọ́kọ́ rí. Mo wò ó. Ọ̀daràn náà ló wà níbẹ̀, ó ń gbé òkú! Mo bi í pé, “Ṣé ọkùnrin náà wò ó dópin?” Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní, “Lọ bi í bí ó ṣe parí. Bí kò bá lè sọ ọ́ fún ọ, gbé fíìmù rẹ kúrò níbẹ̀.” Ẹ má bèèrè ibi tí máàkẹ́tà lè gbé iṣẹ́ yín dé kí ẹ tó bèèrè bóyá ó mọ ohun tó gbé. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé orúkọ, àwòrán àti gígé kò gbọ́dọ̀ yí padà láìgba ohùn yín. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti sọ ohun tó máa ṣe fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù.

Nígbà tí àsìkò tí Ọ̀túnba fi ni fíìmù náà pé, ó padà sọ́wọ́ wa. Èmi ṣì ní èyí tí mo gé. Ìyá Ibùkún ló wá bá mi, irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn ní Ìkòyí-Ilé ń ṣe àpèjọ, kí n gbé e wá, ká fi hàn wọ́n. Wọ́n kéré nígbà tí pósítà yẹn wà lára ògiri, wọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Láyíwọlá ní Ìrẹsà, kó má baà rí àwáwí. Ó wá, ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán ni, wọ́n fi ẹní bo fèrèsé kíláàsì ilé ìwé tí wọ́n ti ṣe é. “Ta Ló Ṣílẹ̀kùn?” jáde lára ògiri. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín nígbà tí Bàbá Jẹ́nrẹ́rìn-ín wọlé. Wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín lọ. Wọ́n fura sí àkọ́bí, wọ́n fura sí ìyàwó ilé, wọ́n ń jiyàn láàárín ara wọn. Nígbà tó wá dé ibi tí àṣírí ti tú, ẹ̀rín wọn gé lójijì. Ọmọbìnrin kan níwájú kígbe, “Jésù! Bàbá yẹn ni!” ariwo bá sọ, àga ṣubú, àwọn kan di ara wọn mú. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rù Bàbá Jẹ́nrẹ́rìn-ín.

Mo bojú wẹ̀yìn. Láyíwọlá ti jáde.

Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó dúró, ó ń gbọ́ ariwo wọn láti ìta.

“Rónkẹ́, ṣé bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn?”

“Bó ṣe wà nìyẹn. N ò fọwọ́ kàn án.”

Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni, ó ti le koko. “Gbogbo ọdún yìí,” ni ó wí, “mo ti gbà pé fíìmù náà ni kò dáa. Mo rò pé èmi ni n ò mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ọkùnrin kan jókòó sí Ìbàdàn, kò wo fíìmù tán, ó gbàgbé wa kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ọkùnrin mìíràn sì fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ ebè ní Ìrẹsà, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Mo ń retí kí ó bínú. Kò bínú. Ó kàn ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní, “Wọ́n bẹ̀rù, Rónkẹ́. Ṣé o gbọ́ wọn?”

Láyíwọlá ò mọ bí a ṣe ń bínú. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ń bínú tirẹ̀ mọ́ tèmi.